Ìkúnwọ́ Kan

Àlejò tó wá fi okùn wọn ilé ìjọsìn wa
ló bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan:
"Màmá, níbo lagbára ìjọ yín ti ń wá?"
Ó ń wo òpó. Ó ń ka páànù.
Ó fìka kan ògiri bí ẹni ń kan àgbọn,
tó ń fetí wá omi inú rẹ̀.
Mo ní kó jókòó, tíì ń bọ̀.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá
nígbà tí wọ́n gbé agbọ̀n kọ́ mi,
okùn rẹ̀ gba iwájú orí mi kọjá
bí a ti ń ru ẹrù ní òkè Mízò.
Gbogbo ọ̀sán Sátidé, láti ilé dé ilé:
ilé Saithuami, ilé Hrangkima alágbẹ̀dẹ,
ilé ìyá Zochhuana tí ajá rẹ̀ kì í gbọ́ bẹ̀bẹ̀.
Iṣẹ́ mi kò ju kí n béèrè pé, "Ti Olúwa dà?"
Nítorí kí ìrẹsì tó wọ ìkòkò, láàárọ̀, lálẹ́,
obìnrin á bu ìkúnwọ́ kan sẹ́yìn
sínú agolo ẹ̀gbẹ́ ààrò.
Kò sí orin níbẹ̀. Kò sí Àmín.
Ọwọ́ á kàn dúró díẹ̀ lókè ìkòkò
bí ẹni tó rántí orúkọ kan.

Ìrẹsì yẹn la tà, tá a fi ra páànù.
Òun la fi rán Thangchhunga lọ kọ́ṣẹ́ ìwàásù;
ó padà dé, ó ń ṣe bí ẹni pé ìwé ló bọ́ ọ yó.

Lẹ́yìn náà, oparun tanná.
Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ má tètè yin òdòdó.
Oparun òkè wa kì í tanná lẹ́ẹ̀mejì lójú ọmọdé.
Bó bá tanná, eku á jẹ èso rẹ̀, eku á bí,
eku á bí títí ilẹ̀ á fi máa rìn lóru.
A jí lọ́jọ́ kan, pòròpórò dúró lóko, kò sí ọkà lórí rẹ̀.
A wa iṣu igbó,
a sè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí oró tó tán lára rẹ̀.
Hrangkima ní, "Ẹ jẹ́ ká so agbọ̀n rọ̀ ná.
Ṣebí Ọlọ́run náà ń wò wá."
Pásítọ̀ kò fèsì.
Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e, kò sẹ́ni tó ní kí n má gbé e.
Mo ṣáà gbé e.

Mo dé ojúde Darkhumi.
Ọmọ rẹ̀ ti kú ní Ọjọ́rú.
Ààrò rẹ̀ kò rú èéfín.
Mo yọ́ ẹsẹ̀, mo kọjá.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dórí òkè kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀:
obìnrin náà ló ń sáré bọ̀, egungun nínú aṣọ,
ìbínú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkún gbọ̀n mí.
"Ta ló sọ fún ọ pé ilé mi ti dahoro?
O fò mí! Ìwọ ọmọ yìí, o fò mí!"
Ó ṣí ọwọ́.
Hóró méje.
Mo kà á; ojú mi kò lè ṣe kó má kà á.
Ó dà á sínú agbọ̀n. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀,
ó fi èékánná yọ ọ́, ó jù ú sí i.

Lálẹ́, pásítọ̀ da agbọ̀n sórí tábìlì Oúnjẹ Olúwa.
Kò kún abọ́ mẹ́ta.
Ó wò ó pẹ́.
"Dá a padà," ló wí. "Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Darkhumi."
Mo wọn ife kan fún un nínú òkùnkùn.
Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.
Ó gbé ìkòkò kaná,
ọwọ́ rẹ̀ sì dúró díẹ̀,
ó bu ìkúnwọ́ kan, bí ìkúnwọ́ ọmọ ọwọ́,
sínú agolo.

Wọ́n ní bí iná ni Ẹ̀mí ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bí àdàbà.
Èmi ò bá wọn jiyàn.
Ibi tí mo ti rí I, èéfín ló ń run níbẹ̀.

Àlejò ṣì ń dúró de èsì, bírò lọ́wọ́.
Nílé ìdáná, ìyàwó ọmọ mi ń fọ ìrẹsì alẹ́.
Mo ní, "Dákẹ́ ná."
Ìró kékeré kan,
bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ lórí páànù:
hóró, nínú agolo.